Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó: Ẹ̀kọ́ Tí Ayálándì Kọ́ Wa Lórí Ọ̀rọ̀ Palẹsitínì

Ọpẹ́ ni fún Allah, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ máa ń bá mi sọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ ní kò sí ohun tí ẹni kékeré lè ṣe sí ọ̀rọ̀ Palẹsitínì. Ẹ tún ní ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò bìkítà. Mo fẹ́ fi ìtàn orílẹ̀-èdè kékeré kan hàn yín pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ayálándì ni orílẹ̀-èdè náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù márùn-ún àti díẹ̀ lọ, ẹlẹ́sìn Kìrìsìtì ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 1980, nígbà tí Brian Lenihan, mínísítà rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lọ sí Bahrain, Ayálándì kéde pé àwọn ará Palẹsitínì lẹ́tọ̀ọ́ sí orílẹ̀-èdè tiwọn. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí wọ́n para pọ̀ ní Yúróòpù nígbà náà, òun ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fohùn ṣọ̀kan ní ìlú Venice pé àwọn ará Palẹsitínì ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ọ̀rọ̀ ara wọn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kí ni ó fà á? Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni Ayálándì fi wà lábẹ́ àjèjì, kí apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó kúrò lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1922. Nínú ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó kú. Sultan Abdulmejid ti ilẹ̀ Tọ́kì, tí Baytul-Maqdis wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ nígbà náà, fi ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn ran àwọn tí ebi ń pa lọ́wọ́ ní 1847. Oore kì í gbé.

Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, 2024, Ayálándì, Nọ́wè àti Sípéènì jọ gba Palẹsitínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ísírẹ́lì pe aṣojú rẹ̀ padà sílé, ó sì kéde ní oṣù kejìlá pé òun yóò ti ilé-iṣẹ́ aṣojú òun tí ó wà ní Dublin. Ayálándì kò yẹhùn. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Kánádà náà tọ ọ̀nà yẹn.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Nígbà tí Hamas kọlu Ísírẹ́lì ní oṣù kẹwàá 2023, tí nǹkan bí 1,200 ènìyàn kú, Ayálándì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin àti ọmọdé ń kú ní Gaza, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn náà. Orílẹ̀-èdè méjì tí yóò máa gbé ní àlàáfíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ó ń béèrè. Ó mọ iye tí àlàáfíà ń náni: ó lé ní 3,500 ènìyàn tí ìjà apá àríwá erékùṣù náà pa kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1998.

Wọn kì í ṣe aláìlábùkù. Ọdún 44 ni ó wà láàrin ọ̀rọ̀ 1980 àti iṣẹ́ 2024. Ṣùgbọ́n kí ni àwa náà ṣe? Nàìjíríà ti gba Palẹsitínì láti 1988, ọdún 36 ṣáájú Ayálándì. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀? Ta ni ó ń gbúròó ohùn wa?

Ẹ̀yin ọmọ mi, Islam pàṣẹ pé kí á ṣe déédé, kódà sí ẹni tí a kò fẹ́ràn. Ẹni tí ó ń bú gbogbo Yẹhúdí tàbí Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò rẹ̀ nítorí Gaza kò ran ọmọ Gaza kankan lọ́wọ́. Ẹ kọ́ ìtàn náà, ẹ fi owó yín ran aláìní lọ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin yín ohun tí wọ́n ń sọ lórúkọ wa. Kí ohùn yín má ṣe yẹ̀.

Kí Allah fún àwọn tí a ń ni lára ní ìtura, kí Ó sì fi àlàáfíà sí ilẹ̀ náà. Āmīn.