Nígbà tí tíránsífọ́mà rélùwéè ìṣeré bá kọṣẹ́

Bí mọ̀lẹ́bí tó wà ní Amẹ́ríkà bá fi rélùwéè ìṣeré Lionel ti àtijọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, àpótí kan tó wúwo máa ń bá a wá. Tíránsífọ́mà nìyẹn. Iná ilé àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóltì. Tíránsífọ́mà yìí ló ń sọ ọ́ di nǹkan bí 20 fóltì tàbí kó dín, kó tó dé ojú irin tí àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin òbí, iná tiwa ní Nàìjíríà tó 230 sí 240 fóltì. Bí ẹ bá ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tààrà, yóò jó. Ẹ kọ́kọ́ wá step-down tí agbára rẹ̀ ju ti tíránsífọ́mà lọ. Lionel ZW ti àwọn ọdún 1950, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 275 wáàtì. Step-down 500 wáàtì á gbé e.

Bó bá wá kọṣẹ́ ńkọ́? Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà tó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí rọ́bà àtijọ́ máa ń gbẹ, á sì máa sán. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti sán, tépù kò lè wò ó sàn; ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ wáyà náà látòkè délẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé bíréékà ló ń já ṣáá, ẹ tú wáyà méjèèjì tó lọ sí ojú irin, kí ẹ tún tan án. Bí kò bá já mọ́, tíránsífọ́mà kọ́ ló ṣẹ̀: bóyá rélùwéè ti yẹ̀ kúrò lójú irin, tàbí ìṣó kan ló dábùú rẹ̀. Bó bá ṣì ń já, inú àpótí ni àìsàn wà. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà fo bíréékà náà kọjá. Ẹ̀ṣọ́ ilé yín ni.

Bí rélùwéè bá ń sáré, tó tún ń dúró, bí ẹ ti ń fa ọwọ́ ìdarí, ó ṣeé ṣe kí róbótó kábọ́ọ̀nù tó ń yí lórí wáyà kọ́pà nínú rẹ̀ ti jẹ tán. Wọ́n ṣì ń tà á, oníṣẹ́ iná sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbóòórùn ìjóná, tàbí tí wáyà inú rẹ̀ ti dúdú, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Owó tí ẹ máa fi wé e tuntun, ẹ fi ra òmíràn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí àgbàlagbà kọ́kọ́ lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó yọ ọ́, kó sì fọwọ́ kan àpótí náà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò séwu. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, ẹ má tíì pe àwọn ọmọ.