Níbo ni Ọta Ìbọn Ń Sùn?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wọ Aráròmí-Obu yóò rí i pé àárín igbó ni àwọn ènìyàn wa ń gbé. Oko kòkó, oko rọ́bà àti igi ọ̀pẹ ni ó yí wọn ká. Ìbọn kì í ṣe àjèjì níbẹ̀, àwọn àgbà tí ó sì rí ogun Ọ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí ọta jẹ́ fún wọn. Láti ọdún 2020 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ti dá ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ṣíṣọ́ igbó ti di iṣẹ́ tí a gbé lé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lọ́wọ́, àwọn ọdẹ sì wà lára wọn. A fara mọ́ èyí tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ béèrè ohun kan: nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, níbo ni ọta àti ẹ̀tù ń sùn?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ilé ohun ìjà inú bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàù láàárín ìlú Èkó. Ìyá ń wá ọmọ, ọmọ ń wá ìyá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sá nínú òkùnkùn já sínú odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Afá, nítorí ewéko ti bo ojú omi náà bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Ẹni tí ó kú lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá bárékè náà fúnra rẹ̀ sọ pé ilé ìkóhun-ìjà náà ti gbó, àti pé wọ́n ti ń gbèrò àtitún un ṣe kí ìjàǹbá náà tó dé. Wọ́n ń gbèrò!

Ǹjẹ́ a kọ́gbọ́n? Ní ọjọ́ 16 oṣù Kíní ọdún 2024, ilé gbígbé ni ó bú gbàù ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì sọ pé àwọn tí ń wa kùsà láìgbàṣẹ ni ó kó ohun abúgbàù pamọ́ síbẹ̀. Ní ìlú Bata, ní ilẹ̀ Equatorial Guinea, àgọ́ ọmọ ogun bú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2021, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ààrẹ ilẹ̀ náà dá ẹ̀bi fún àìbìkítà àwọn tí ń tọ́jú ohun ìjà, àti fún iná tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sun oko nítòsí. Kí àwọn ará Odígbó tún gbólóhùn yìí kà. Ta ni kì í sun oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láàárín wa?

Iná kì í sì í ṣe ọ̀tá kan ṣoṣo. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń dá ìpẹtà sí ara ọta, ó sì ń mú kí ẹ̀tù dì. Ooru tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀tù inú ọta ìgbàlódé a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ jù nínú ooru, ó lè gbiná láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a gbé àpótí ọta lé orí pákó, kí ó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí atẹ́gùn lè máa kọjá, kí òrùlé má jò, kí a sì ro gbogbo àyíká ilé náà mọ́lẹ̀ fún iná ẹ̀ẹ̀rùn. Epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ bá a gbé. Kí ìwé ìṣirò wà, kí a máa kọ́kọ́ lo èyí tí ó pẹ́ jù, kí a sì fa èyí tí ó ti bàjẹ́ lé àwọn ọmọ ogun tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Kí a má ṣe rì í mọ́lẹ̀, kí a má sì ṣe sun ún.

Ẹ̀yin ọdẹ wa, a bẹ̀ yín. Ẹni tí òjò pa ẹ̀tù rẹ̀, tí ó wá ń yá a níná lẹ́bàá ààrò, ó ń fi ẹ̀mí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀tù wà nínú ohun tí ó ní ìdérí, kí ó jìnnà sí iná ìdáná, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a di gbogbo ẹrù yìí lé ọdẹ lórí. Ìjọba tí ó ní kí wọn máa ṣọ́ igbó ni ó yẹ kí ó kọ́ ilé tí wọn yóò máa kó ọta sí, ilé alámọ̀ tàbí ti búlọ́ọ̀kù tí ó jìnnà sí ilé ìwé, ọjà àti ilé gbígbé. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó àti ti ìpínlẹ̀ bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀. A fẹ́ kí wọ́n sọ fún àwọn ará Aráròmí-Obu, kí ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ tó wọlé, ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.