Àkójọ Inú Ilé àti Eré Ìdẹ́rùbani ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ nípa Halloween, àjọ̀dún tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, a máa pè é ní ọdún àjẹ́. Àwọn mìíràn a ní egúngún òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá a mu. Egúngún ní ìdílé tí ó ni ín, ó ní oríkì, ó ní ètùtù àti ìwúre; ará ọ̀run ni a kà á sí. Ẹni tí ó gbé ìbòjú Halloween wọ̀ kò pe ara rẹ̀ ní baba ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Ireland ni ó kó púpọ̀ nínú àṣà náà dé Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1800 sí 1900. Tánípù ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára nílé. Nígbà tí wọ́n rí elégédé lókèèrè, tí ó tóbi tí ó sì rọrùn láti gbẹ́, wọ́n fi tánípù sílẹ̀.

Ibi tí àṣà yìí ti dùn jù ni ilé ẹni tí ó ní nǹkan ìpamọ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú irú wọn ni Bob Burns ti ìlú Burbank ní Kalifọ́níà. Ohun tí àwọn onísinimá ti lò tán ni ọkùnrin yìí ń kó jọ: ìbòjú, ẹ̀wù, àwọn ẹ̀dá abàmì tí a fi rọ́bà ṣe. Egungun irin kan tí ó wà nínú ìnàkí sinimá King Kong ti ọdún 1933 wà lára wọn, rọ́bà àti irun tí ó bò ó ti jẹrà dànù. Kathy, aya rẹ̀, bá a fara mọ́ gbogbo rẹ̀; ẹni tí ó bá ti bá alákòójọ gbé rí yóò mọ̀ pé sùúrù ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó dùn jù ni ti ẹ̀rọ inú The Time Machine, sinimá George Pal ti ọdún 1960, èyí tí ọkùnrin kan ń jókòó lé lórí, tí ó fi ń rìnrìn-àjò láti ìgbà dé ìgbà. Ilé-iṣẹ́ MGM tà á ní gbàǹjo ní ọdún 1970. Burns fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ó rí i ní ìsọ̀ àlòkù kan ní ìlú Orange, ó ti bàjẹ́ gidigidi. $1,000 ni ó fi rà á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó irinṣẹ́ wá, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ṣe eré ní ilé rẹ̀ ní Halloween ọdún 1976. Ará àdúgbò wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí ni ó yẹ kí àwọn tí ń bú àjọ̀dún náà wò kí wọn tó sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá tì mọ́ yàrá ni ọkùnrin náà gbé síta fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rù tí ọmọ ń bà nígbà tí ó di ọwọ́ baba rẹ̀ mú, ẹ̀rín ni í parí sí.

A kò ní tìtorí èyí yin gbogbo rẹ̀. Lónìí, egungun oníke kún ilé ìtajà. Olówó lè fi wọ́n kún iwájú ilé ní wákàtí kan, ti ilé kan kò sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Irú èyí ni àwọn ilé-ìwé aládàáni kan ní Èkó ń rà wọ̀lú. Bí wọn yóò bá yá nǹkan lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ Burns àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n yá. Gírámáfóònù àti àwo orin àtijọ́ ṣì wà nínú yàrá àwọn bàbá àgbà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, eruku ti bò wọ́n, àwọn ọmọ ilé kò sì tí ì béèrè ohun tí wọ́n jẹ́.