Ẹ Gbin Ewé Tíì Yín Sílé

Ní Ìbàfò níbí, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní kan kò yẹ kó máa ra páálí tíì. Bí ẹ bá gbin ìdí koríko ọba kan péré fún tíì, kò ní í pẹ́ di igbó. Abẹ́ òjìji ni mo ń sá tèmi sí, torí oòrùn gangan a máa lé òórùn dídùn rẹ̀ lọ. Mo tún máa ń já ẹfinrin díẹ̀ sí i. Ọkọ mi ní ọbẹ̀ ni mo ń sè. Ẹ má dá a lóhùn.

Èyí tí n kò fara mọ́ ni ewé tí wọ́n ń já lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní Mówè. Èéfín ọkọ̀ ń bà lé e tọ̀sán-tòru, omi kò sì lè fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin ará Ifọ̀ tí ẹ ṣì ní oko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn tó ń já ewé lẹ́bàá títì yìí ní ìdí koríko ọba kí wọ́n gbìn.