Ká Tó Ra Ilẹ̀ ní Lokoja, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Gíga Rẹ̀ Lórí Máàpù

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà ni mo bá wá.

Ẹni tó wà níbí ní 2012 àti 2022 mọ ohun tí omi ṣe ní Adankolo àti Ganaja. Ní 2022, omi bo títì Lokoja sí Abuja mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀rùn bá ti dé, a tún máa ń gba ajẹ́ntì gbọ́ pé "omi ò dé ibí rí." Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀, àwa la máa ń gbàgbé.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sanwó ilẹ̀ mọ́ láì wo máàpù gíga ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ní February 2000, ọkọ̀ Endeavour ti NASA fi ọjọ́ 11 yí ayé ká, ó ń fi rédà wọn gíga ilẹ̀, Nàìjíríà náà wà ńbẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ bí ojú àwọ̀n, ojú kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mítà 30, wọ́n sì kọ nọ́ńbà gíga sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà lásán ò lè yé wa. Àmọ́ àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà lè kó o sínú QGIS, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di àwòrán: ibi tó rẹlẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ibi tó ga ní pupa.

Kí wọ́n ṣọ́ra o. Nínú àwọn fáìlì kan, ibi tí rédà ò rí kà, -32768 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọn ò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé òfo nìyẹn, á yà á bíi kòtò ńlá, àwọ̀ yòókù á dàrú. Bákan náà, ìwọ̀n Minna ni sọ̀fẹ́ àtijọ́ wa ń lò, WGS84 ni ti NASA. Bí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀ láì yí wọn padà, pílọ́ọ̀tì yín á bọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ sọ̀fẹ́yọ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni. Ojú mítà 30 ò lè rí gọ́tà, rédà sì máa ń ka orí igi àti òrùlé mọ́ ilẹ̀. Ẹ pe sọ̀fẹ́yọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́lé. Ṣùgbọ́n máàpù yìí á kọ́kọ́ fi ilẹ̀ tí kò tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ náwó sọ̀fẹ́yọ̀ lé lórí hàn yín.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà mọ ibi tómi dé ní 2012. Ọmọdé mọ kọ̀ǹpútà. Kẹ́gbẹ́ wa kó méjèèjì sórí máàpù kan kí ẹ̀rùn tó dé. Kí lẹ rí sí i?