Ẹni Tó Ń Bá Yín Ta Ilé Ní Àdánù, Ẹ Yé É Bú U

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó kọ "Àmín" síbẹ̀, torí kì í ṣe àdúrà ni. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ báńkì ni, ó sì kan arábìnrin kan nínú ìjọ wa níbí, ní Prince George's County, Maryland, tí àwọn èèyàn wa ti ń bú láti nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn.

Ejẹ́ńtì ilé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun sórí Facebook. Short sale ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Ká ní èèyàn yá $340,000 lọ́wọ́ báńkì, ó fi ra ilé. Ọjà ilé wá ṣubú, ilé náà ò tó $200,000 mọ́, iṣẹ́ sì tún bọ́ lọ́wọ́ onílé, kò lè san owó oṣooṣù. Bó bá tà á, owó tó máa rí ò lè san gbèsè. Short sale ni pé kí báńkì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà kó tà á ní iye tí ọjà gbé, kí òun gba ìwọ̀nba tó bá wọlé, kí òun sì yọ ọwọ́ òun kúrò lórí ilé náà. Bí báńkì ò bá gbà, kò sí ọjà. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe nǹkan kan rárá, báńkì á gbẹ́sẹ̀ lé ilé, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lẹ́yìn 2008, ẹ rántí. Àgbègbè wa yìí wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ní Maryland. Ẹ ó rí ojúlé mẹ́ta mẹ́rin ní òpópónà kan ṣoṣo, kò séèyàn nínú wọn, koríko ti ga dé orúnkún. Nọ́ọ̀sì, onítakisí, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló ra ilé ní 2005 àti 2006, nígbà tó dà bíi pé ẹni tó bá ṣáà ti lè mí ni báńkì ń yá lówó.

Mo ti jókòó sí ọ́fíìsì arábìnrin yìí rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo fojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ó pe báńkì ní aago mẹ́sàn-án. Orin ni wọ́n fi sí i létí. Àádọ́ta ìṣẹ́jú kọjá, ẹnì kan gbé e, ó ní kì í ṣe òun ló ń bójú tó fáìlì yẹn, ó ní kó dúró kí òun so ó pọ̀ mọ́ ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni fóònù gé. Ó tún pè. Ẹni kejì ní ìwé tó fi ránṣẹ́ ò dé. Ìgbà kẹta tó ti fi ránṣẹ́ rèé o! Ìwé wo? Lẹ́tà tí onílé fi ṣàlàyé ìnira rẹ̀, ìwé owó oṣù, statement báńkì oṣù méjì, ìwé owó orí ọdún méjì, àdéhùn ẹni tó fẹ́ rà á, àti ìṣirò iye tó máa kù fún báńkì lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Kí wọ́n tó rí gbogbo rẹ̀, statement ti di ti àtijọ́, wọ́n á ní kó mú tuntun wá. Nígbà tó bá mú tuntun dé, ẹni tó ń bójú tó fáìlì ti yí padà. Háà! Èmi tí mò ń wòran, orí ń fọ́ mi.

Báńkì á tún rán ejẹ́ńtì tiẹ̀ wá wo ilé, kó sọ iye tó tó. Bí ìyẹn bá ní $230,000, tí ẹni tó fẹ́ rà á sì ní $195,000 lòun ní, iṣẹ́ dé. Arábìnrin wa á ya fọ́tò òrùlé tó ń jò, á ya ti ìsàlẹ̀ ilé tí omi ti bà jẹ́, á kó iye tí wọ́n ta àwọn ilé ìtòsí jọ, á máa bẹ̀bẹ̀. Bí gbèsè kejì bá wà lórí ilé náà, báńkì kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló máa kàn án, ìdí nìyẹn tó fi máa ń lo agídí. Kí wọ́n tó parí ẹ̀, olùrà ti lọ ra ilé ẹlòmíì. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ti báńkì nìyẹn. Tiwa ńkọ́?

Ẹ wo lẹ́tà ìnira yẹn. Ohun tí báńkì fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí èèyàn ò fi lè san owó mọ́. Ṣé iṣẹ́ ló bọ́ ni? Ṣé àìsàn ni? Àbí tọkọtaya ló pínyà? Arákùnrin kan kọ tiẹ̀, ojú ewé kan gbáko. Ọpẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun ń ṣe dáadáa níléèwé, ó ní kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe, ó sì fi "ara mi le koko" parí ẹ̀. Iṣẹ́ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ, kò dárúkọ ẹ̀ rárá! Ó ní òun ò lè fi ẹnu ara òun jẹ́wọ́ ibi. Arábìnrin wa ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, báńkì tó bá ka èyí, á ní kẹ́ ẹ wá san owó yín lọ́la ni." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Àwa pásítọ̀ kọ́?

Statement báńkì tún ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni owó ń lọ sílé. Owó simẹ́ńtì ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ìkòròdú, owó aṣọ ẹbí, owó ilé ìwòsàn Màmá. Báńkì á béèrè ohun tí gbogbo ẹ̀ jẹ́, òun náà á sì bi onílé. Àwọn kan ti sọ fún un pé kó bá àwọn pa ojú ewé yẹn rẹ́. Ó kọ̀, wọ́n bínú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo dúró tì í lórí ìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tó bá fi ìwé èké tan báńkì lè fẹ̀wọ̀n jura. Ọ̀pọ̀ ló tún ń fẹ́ kí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ra ilé náà ní owó pọ́ọ́kú, kí àwọn lè máa gbé inú ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, báńkì máa ń ní kí olùtà àti olùrà fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò tan mọ́ra, kò sì sí àdéhùn abẹ́lẹ̀ láàárín àwọn. Bó bá ti sọ èyí, wọ́n á ní ó ti kọjá àyè ẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ àti ìyàwó ló wà lórí ilé, ọkọ ti padà sí Èkó láti ọdún mélòó kan, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Láìsí ìbuwọ́lùwé ọkọ, ilé ò ṣeé tà. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó, kó fọwọ́ sí i níwájú òṣìṣẹ́ wọn. Òru ni arábìnrin yìí ń pe Nàìjíríà, torí wákàtí tó yàtọ̀, tó ń bẹ ọkùnrin tí kò rí rí pé, "Daddy, ẹ ṣàánú àwọn ọmọ yín." Gbàǹjo ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mélòó wá ni wọ́n ń san fún un? Títí ọjọ́ tí ọjà bá parí, kọ́bọ̀ ò wọlé. Inú owó tí wọ́n ta ilé ni tirẹ̀ ti ń jáde, báńkì ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìgbà mìíràn wọ́n á gé e kù. Bí ilé bá lọ sí gbàǹjo, iṣẹ́ oṣù meje ṣòfò. Síbẹ̀ àwọn èèyàn wa ní ó ń jẹ nínú ẹkún ẹlòmíì, wọ́n ní báńkì ló rán an níṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku tèmi. Ní 2010, tọkọtaya kan tọ̀ mí wá. Arábìnrin wa ti bá wọn rí olùrà, báńkì ti gbà, lẹ́tà ti jáde pẹ̀lú ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọ́n bi mí pé ṣé káwọn fọwọ́ sí i. Mi ò ka lẹ́tà náà. Mi ò bi wọ́n léèrè iye oṣù tí wọ́n ti jẹ. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ sí i, pé ilé wọn ò ní bọ́ lọ́wọ́ wọn, a sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ inú lẹ́tà kọjá. Wọ́n lu ilé náà ní gbàǹjo níwájú kóòtù ní Upper Marlboro, àwọn àti ọmọ mẹ́ta sì kó lọ sí ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Lásìkò yẹn gan-an, ètò ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní HAFA ti bẹ̀rẹ̀ láti April ọdún náà, tó ń fún onílé tó bá kúnjú òṣùwọ̀n ní $3,000 láti fi kó ẹrù. Arábìnrin wa ti sọ ọ́ fún wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dá a lóhùn. Mo ti bẹ tọkọtaya náà. Mo ti bẹ òun náà. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ níbí, lójú gbogbo ayé.

Èrò mi nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú: ìtìjú ló ń lé wa jáde nílé, báńkì kàn ń bá a ti ilẹ̀kùn ni. Tí ẹnì kan bá ra ilé, a máa ń gbé e síwájú pẹ̀lú ìlù àti ijó. Tí ilé náà bá fẹ́ lọ, kò sí ibi tó lè dúró sí láti sọ ọ́ nínú ìjọ kan náà. Ó wá di ẹni tó ń gba lẹ́tà báńkì tó ń tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àkókò sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Láti January 2014, òfin àpapọ̀ ti sọ fún ọ̀pọ̀ báńkì pé bí ìwé ìrànwọ́ ẹni bá dé ọwọ́ wọn láìkù síbì kan, tó sì ku ju ọjọ́ 37 lọ kí gbàǹjo wáyé, wọn ò gbọ́dọ̀ lu ilé náà títí wọ́n á fi yẹ ìwé ọ̀hún wò. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹ̀bẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Fannie Mae ti òní, ẹni tó ṣe short sale máa ń dúró ọdún 4 kó tó lè yá owó ilé míì, ẹni tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ilé ẹ̀ máa ń dúró ọdún 7. Ọdún 3 kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tọ́mọ ẹ̀ wà ní kíláàsì kẹfà.

Mi ò sọ pé gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ tà o. Bó bá ṣeé ṣe kí báńkì dín owó oṣooṣù kù, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àwọn olùdámọ̀ràn tí HUD fọwọ́ sí wà tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹ̀ fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kówó wá ṣáájú kí òun tó gba ilé yín là, olè ni, ẹ sá fún un. Tí lẹ́tà ìgbàṣẹ bá sì jáde, ẹ wò ó bóyá ó sọ ọ́ kedere pé báńkì ò ní padà wá béèrè owó tó ṣẹ́ kù. Ní California, òfin ti dí ọ̀nà yẹn láti 2011. Ní Maryland tiwa níbí, ohun tó wà nínú ìwé lẹ máa dì mú. Báńkì tún lè fi fọ́ọ̀mù 1099-C ránṣẹ́, pé gbèsè tí wọ́n fi jì yín dà bí owó tó wọlé fún yín. Ẹ gbé e lọ fún onímọ̀ owó orí, ẹ má gbé e wá fún mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, arákùnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ra ilé ní 2022, iṣẹ́ kejì tó fi ń san án ti bọ́. Ó gbé àpò ọ̀rá kan dání. Lẹ́tà báńkì 19, kò ya ìkankan. Ó ní kí n gbàdúrà lé e lórí. Mo ní ká kọ́kọ́ jókòó. Ọ̀bẹ inú kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì la fi ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkejìlá la ti rí ọjọ́ gbàǹjo: ó ku ọjọ́ 52. Mo pe arábìnrin wa lójú ẹsẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé inú ilé náà ni wọ́n ṣì wà sà? Kí wọ́n má kó jáde o. Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́la ní aago mẹ́jọ, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ wá."

Aago méje ààbọ̀ ló ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí báńkì báyìí. Báńkì ti ní ojú ewé kẹrin ò dé.