Iṣẹ́ abẹ tó ń dín sísanra kù: Ọjọ́ kan ni wọ́n ń ṣe é, oúnjẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ló di ti ọjọ́ ayé ẹni

Ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ wọlé nígbàkúùgbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tó ń dín sísanra kù sórí afẹ́fẹ́, tí a sì ṣí fóònù sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́. Èkíní ni "Èló ni?" Èkejì ni "Kílò mélòó ló máa kúrò lára mi?" Mi ò rántí ìgbà kankan tí ẹnì kan pè láti béèrè ohun tí òun yóò máa jẹ ní ọdún kẹta, tàbí ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò ní ọdún kẹwàá. Ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ náà wà.

Mi ò bá àwọn olùgbọ́ wí. Ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n ni wọ́n ń béèrè. Àwòrán méjì ni àwọn tó ń polówó iṣẹ́ abẹ yìí máa ń gbé sórí Instagram àti TikTok: bí obìnrin kan ṣe rí tẹ́lẹ̀, àti bó ṣe rí báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán méjèèjì kì í sí níbẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é nílé ìwòsàn aládàáni nítòsí wọn, àwọn mìíràn ń wọ bàálù lọ sí Tọ́kì tàbí Íńdíà, wọ́n á lo ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á padà wálé pẹ̀lú àpò oògùn àti ìwé tí wọn kò kà tán. Owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń san gbogbo rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, èmi ò lòdì sí iṣẹ́ abẹ yìí, mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àìsàn ni sísanra jù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé iye àwọn àgbàlagbà tó ní in lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 890 ní ọdún 2022. Fún ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn ti dè mọ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ yìí lè jẹ́ kó tún rí ayé gbé. Ohun tí mo ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń tà á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí lọ́jọ́ tí aláìsàn bá jí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, dókítà máa gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ tó wà nínú ikùn kúrò, èyí tó ṣẹ́kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú èkejì, bypass, wọ́n á ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpò oúnjẹ, tí kò ju ẹyin lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun kékeré nísàlẹ̀. Oúnjẹ á wá máa fo apá ibi tí ara ti ń fa èròjà bíi iron àti calcium jù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, jíjẹun di ohun tí wọ́n máa kọ́ bí ọmọdé. Ní ọjọ́ kìíní sí ìkejì, omi díẹ̀díẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun mímu nìkan: mílíìkì tí kò lọ́ràá, omi ọbẹ̀ tí wọ́n ti sẹ́. Ohun lílọ̀ kúnná ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ohun rírọ̀, títí di bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ tí oúnjẹ gidi á padà sẹ́nu. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, ti dókítà yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìwé ìlànà oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ń gbé bọ̀ láti òkèèrè kún fún oúnjẹ àwọn aláwọ̀ funfun. Tó bá dé Ìbàdàn tàbí Kútọnù, ó di ohun à ń fi sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀, ilé ìdáná wa kò tòṣì rárá. Gbẹ̀gìrì tí kò ta, tí epo rẹ̀ kò pọ̀, ohun lílọ̀ tó ní èròjà amúaradàgbà ni. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin, ẹja tútù tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, wàrà àwọn Fúlàní, wàrà sóyà, gbogbo wọn ló wúlò bí ìgbà wọn bá tó. Amúaradàgbà yìí ló yẹ kí ẹni náà máa kọ́kọ́ jẹ nínú àwo, kó sì tó gíráàmù 60 ó kéré tán lójúmọ́, nítorí tí kò bá tó, iṣan ara ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ògì ńkọ́? Òun ni gbogbo ìyá máa ń sáré gbé fún aláìsàn. Ó rọrùn láti mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Òkèlè, gbígbé mì ni

Ìṣòro tó jẹ́ tiwa gan-an rèé. Wọ́n á sọ fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ pé kó rún oúnjẹ lẹ́nu títí yóò fi kúnná bí ẹ̀kọ, kó fi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ ìwọ̀nba tó wà nínú àwo, kó má mu omi sí i, kó dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kó tó mu omi. Ẹ wò ó, ta ló ń rún iyán lẹ́nu? Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, túwó àwọn Hausa, báńkù àwọn ará Gánà, gbogbo wọn gbígbé mì ni, ọbẹ̀ ló ń fà wọ́n sọ̀kalẹ̀. Òkèlè tó ń lẹ̀, tí a kò rún, lè há sí ẹnu ọ̀nà àpò tuntun yẹn. Àyà á máa dun ẹni náà, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, títí yóò fi pọ̀ ọ́. Búrẹ́dì rírọ̀, ìrẹsì tó gbẹ àti ẹran líle náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á padà sí àmàlà díẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn mìíràn, ó dìgbóṣe pẹ̀lú iyán nìyẹn. Ẹni tó bá polówó iṣẹ́ abẹ yìí fún ọmọ Yorùbá láìdárúkọ iyán kò tíì sọ òótọ́ fún un.

Ti ṣúgà tún wà. Pàápàá fún ẹni tó ṣe bypass, máltì, ẹlẹ́rìndòdò tàbí ògì tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ máa ń já sínú ìfun lójijì. Láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọkàn á máa sáré, òógùn á bò ó, inú á lọ́, òòyì á máa kọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọn kò kìlọ̀ fún á ní wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ òun níbi ìnáwó.

Àṣírí tó léwu

Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ó sì yé mi. Bí ara bá ti ń fọn, àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: "Ó ti rù, kí ló ń ṣe é?" Irun tó máa ń já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, tó sì sábà máa ń hù padà, á tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. Níbi òde àríyá, àwo tí ènìyàn kò bá jẹ tán ti di ẹjọ́: "Àbí oúnjẹ wa ò dùn ni, Ìyá Bọ́lá?" Ẹni tó ń fi àṣírí pamọ́ á jẹ ẹ́ kí ojú má baà tì í, á lọ pọ̀ ọ́ ní ilé ìtọ̀, á nu ẹnu, á sì padà wá jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èébì yẹn, nítorí òun ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Fítámì B1 tí ara ń tọ́jú pamọ́ kò pọ̀. Ẹni tó ń bì lemọ́lemọ́, tí oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀, lè lo gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, ìrìn á máa ta gẹ́gẹ́, ojú á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ọ̀rọ̀ ẹnu á dàrú. Bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ohun tó bàjẹ́ nínú ọpọlọ lè má bọ̀ sípò mọ́.

Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ti bì fún ọjọ́ mẹ́rin, ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ ilé ni wọ́n máa gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì á ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, á gbé dirípù kọ́. Bí dirípù náà bá jẹ́ ti ṣúgà, tí wọn kò sì kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, ṣúgà yẹn lè lo ìwọ̀nba B1 tó kù, kó sì sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Abẹ́rẹ́ kan tí kò wọ́n ni ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ ronú kàn án, nígbà tí ọkọ tó gbé ìyàwó rẹ̀ wá kò mọ̀ pé ìyàwó òun ṣe iṣẹ́ abẹ, tó rò pé ìrìn àjò ọjà ló lọ?

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ̀. Kí ìwé kékeré kan sì wà nínú pọ́ọ̀sì, tó sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ẹni tó ṣe é. Ìwé yẹn náà ló yẹ kí ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì rí, nítorí oògùn ara ríro bíi ibuprofen, diclofenac àti aspirin lè dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun lẹ́yìn bypass. Aspirin wà nínú Alábùkún tí àwọn bàbá wa fi ń là á. Sìgá náà ń dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọtí ní tirẹ̀ máa ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ife kan á sì ṣe bíi mẹ́ta.

Àwẹ̀ tún ńkọ́? Àpò tó ti kéré kò lè gba omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí oòrùn bá wọ̀, omi ara á sì gbẹ. Àwọn dókítà sábà máa ń ní kí ènìyàn mú àwẹ̀ kúrò fún ọdún kan ó kéré tán, kó sì béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ìmáàmù tàbí pásítọ̀ tí kò mọ̀ kò lè yọ̀ǹda. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oyún: obìnrin tí kò rí oyún ní nítorí sísanra lè tètè lóyún bí ara bá ti fúyẹ́, àmọ́ oṣù 12 sí 18 ni wọ́n ní kó fi dúró kí oúnjẹ ara lè tó ìyá àti ọmọ. Ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá ọkọ tó ń retí ọmọ-ọmọ?

Ọdún kẹwàá ńkọ́?

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní 1987 tẹ̀ lé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín ọdún kìíní sí ìkejì, àwọn tó ṣe bypass ti pàdánù ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó dúró sí ìdá 25. Èrè ńlá ṣì ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ padà. Ohun tó sábà ń dá a padà kì í ṣe àwo ńlá, nítorí kò ní gbà á. Ṣíńṣíń, bísíkíìtì, áísíkírímù ni, ohun tó ń yọ́ kọjá láìdi ikùn, tí wọ́n ń fi panu láti àárọ̀ dalẹ́.

Fítámì sì ti di ti ojoojúmọ́ títí ayé: B12, iron, calcium, fítámì D. Àìtó B12 lè gba ọdún mélòó kan kó tó hàn, torí ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ọwọ́ tó ń hó bá dé, ẹni náà á ti gbàgbé pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ kankan. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ abẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà àjọ NICE ni pé kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà máa bójú tó aláìsàn fún ọdún méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì máa yẹ èròjà oúnjẹ ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún títí ayé. Síbẹ̀, ìwádìí BBC ní 2023 fi hàn pé ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méje ló ti kú lẹ́yìn tí wọ́n lọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Tọ́kì. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní NHS nílé, kí ni ká sọ nípa tiwa tó ń padà sí ibi tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n gé?

Àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn, HEFAMAA ní Èkó àti HeFRA ní Gánà, lágbára láti ní kí ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fi hàn ní kíkọ bí yóò ṣe tọ́jú aláìsàn fún ọdún méjì ó kéré tán, pẹ̀lú ẹni tó mọ oúnjẹ wa, kí iye rẹ̀ sì wà nínú owó tí wọ́n dá. Kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kó owó jọ, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹni tí ẹ máa pè ní aago méjì òru, bí èébì bá kọ̀ tí kò dá ní oṣù kejì. Ẹ pe nọ́ńbà náà wò. Bí kò bá sẹ́ni tó gbé e, ẹ má tíì sanwó.